Àjẹkù Ayékòótọ́

Ikọ́ bàbá mi ló kọ́kọ́ padà wálé. A ti sìnkú rẹ̀ tán, àwọn àlejò ti padà sí Lọ́kọ́ja àti Àbújá, wọ́n ti wá kó àga tí a yá lọ. Èmi àti ìyá mi jókòó sí pálọ̀ lọ́sàn-án, à ń ṣa ẹ̀wà. Ni a bá gbọ́ ọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn: ikọ́ gbígbẹ kan, ó dúró díẹ̀, ó tún hú òmíràn. Bó ṣe máa ń húkọ́ nìyẹn nígbà ayé rẹ̀ bó bá ti oko dé, kí ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ilé tètè pa á tì. Orí mi wú. Àwo bọ́ lọ́wọ́ mi, ẹ̀wà fọ́n ká ilẹ̀. Ìyá mi kò tilẹ̀ ta gìrì. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀ o," ó sì ń ṣa ẹ̀wà tirẹ̀ lọ.

Ẹyẹ ni. Ayékòótọ́ bàbá mi ni, eléérú lára, onírù pupa, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣòwò kòkó fi ta á lọ́rẹ kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Inú kéèjì onírin ló ń gbé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ẹyẹ yìí a máa sín ewúrẹ́ jẹ. A máa sín ẹni tó ń kiri búrẹ́dì jẹ. A máa dún bíi fóònù mi títí n ó fi sáré jáde ní balùwẹ̀ tòun ti ọṣẹ lójú. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí bàbá mi fi wà láyé, kò sín in jẹ rí. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bo iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn tán ni ẹyẹ la ẹnu, ohùn bàbá mi ló sì gba ẹnu rẹ̀ jáde.

Lẹ́yìn ikọ́ ló kan ìkíni. Lọ́dọ̀ wa ní Kábbà, bí ènìyàn bá kí ọ pé "Okun o", o ò lè dákẹ́. Ọmọ tó bá dákẹ́, wọ́n á bi í léèrè ilé tó ti jáde wá. Ọkùnrin àgbà kan tó ti bá bàbá mi ṣe iṣẹ́ tíṣà rí wá láti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, ó ní òun kò tètè gbọ́. Mo gbé móòtì tútù fún un, ó jókòó, ó ń sọ bí olóògbé ṣe jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́. Ni ohùn kan bá ti ẹ̀yìn ilé wá: "Okun o!" Bàbá náà dáhùn pé, "Okun, ọ̀rẹ́ mi!" kó tó rántí pé torí ikú ọ̀rẹ́ náà lòun ṣe wá. Háà! Ẹ wá wo eré! Ẹni tó fi ọ̀pá rìn wọlé sá jáde láìmú ọ̀pá. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Nígbà tó yá ni mo rí i pé èmi nìkan ni mò ń rín. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó gbé ìka lé ètè, ó ní kí n dákẹ́ kí òun lè gbọ́.

Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ní Lọ́kọ́ja. Bó bá ti di ọjọ́ Sátidé, màá wọkọ̀ wá sí Kábbà láti wo ìyá mi, torí pé àwa méjì náà ló ṣẹ́ kù. Àwọn ẹbí máa ń sọ pé ata ni wọ́n fi wẹ̀ mí nígbà tí wọ́n bí mi, n kò sì bá wọn jiyàn. Ẹnu mi kì í gbélẹ̀. Nítorí náà, mo máa ń bá ẹyẹ yẹn jà. Màá dúró níwájú kéèjì, màá ní, "Ìwọ olè yìí, ohùn ẹni ẹlẹ́ni lo jí." Á gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á fi ojú rẹ̀ tó rí roboto wò mí, dúdú láàárín, àwọ̀ ìyeyè yí i ká. Á wá sọ ní ohùn bàbá mi, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń sọ bí mo bá ń pariwo nínú ilé: "Ó tó báyìí." Ẹ̀rù á bà mí, màá sì wọlé.

Ìyá mi kò bá a jà rí. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. Mo máa ń gbọ́ wọn láàárọ̀ bí mo bá ṣì wà lórí ibùsùn, òun nílé ìdáná, ẹyẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Á sọ iye tí iṣu di lọ́jà, á sọ ẹni tó bímọ. Ẹyẹ á dá a lóhùn pé, "Ẹn-ẹ́n," bí ọkọ ṣe ń dá ìyàwó lóhùn tó bá ń ka ìwé ìròyìn lọ. Bí mo bá pa ojú mi dé, kò sí ikú nínú ilé yẹn. Màá parọ́ bí mo bá sọ pé kò dùn mọ́ mi nígbà míì. Ó dùn mọ́ mi. Ohun tó ń já mi láyà gan-an nìyẹn.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Inú rírun ni àkọ́kọ́, ìgbẹ́ gbuuru tẹ̀ lé e, ibà dé. Kẹ́míìsì tó wà ládùúgbò ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni, ó fún un lóògùn. Ó lò ó, ara rẹ̀ fúyẹ́. Kò pẹ́ ló tún wó. Mo gbé e wá sọ́dọ̀ mi ní Lọ́kọ́ja, ara rẹ̀ yá níbẹ̀, ó ń jẹun, ó ń bá mi jà pé n kò mọ ọbẹ̀ sè. Mo dá a padà sílé, àìsàn dá a padà sórí ẹní. Ìró tó máa ń ró mọ́ra dáadáa bẹ̀rẹ̀ sí í yí i ká ní ìlọ́po méjì. Ó ń gbẹ lójú mi, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe. Àyà mi ń já nígbàkúgbà tí fóònù mi bá dún níbi iṣẹ́.

Àbúrò bàbá mi obìnrin, tó fẹ́ ọkọ sílé àwọn mùsùlùmí ní Ẹkìnrìn-Àdé, wá tọ́jú rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, mo sì ń ro ògì fún ìyá mi. Ẹyẹ sọ ohun tuntun kan. Ó ní, "Ó yá, jẹ́ ká máa lọ." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kàwé yìí kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílé wa. Òun ni bàbá mi máa ń sọ láràárọ̀, bó bá ti tan ọ̀kadà rẹ̀ tán níta, tó ń dúró kí ìyá mi gbé agbọ̀n wá kí wọ́n jọ lọ sóko. Ó sọ ọ́ fún ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá mi tí kò lè gbórí sókè láti àná jókòó sórí ẹní. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá sálúbàtà rẹ̀.

Àbúrò bàbá mi fa ọwọ́ mi dé kọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pè é. Ẹ pa ẹyẹ yẹn, tàbí kẹ́ ẹ tú u sílẹ̀ kó máa fò lọ."

Mo ní, "Ẹ dákẹ́ jọ̀ọ́! Ẹyẹ lásánlàsàn. Kí ló kan òkú nínú inú rírun?"

Ó ní, "Mo ti sọ tèmi."

Mo pariwo mọ́ ọn, ìyẹn ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ mo gbàgbé ògì lórí iná títí ó fi dì jọ nínú ìkòkò.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nípa àjẹkù níbí, torí òun ló di gbogbo ọ̀rọ̀ mú. Tábìlì kékeré kan ni bàbá mi ti máa ń jẹun, òun nìkan. Kì í jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán láéláé. Á ṣẹ́ iyán díẹ̀ kù, á ṣẹ́ ẹran kù, á ti abọ́ síwájú. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni mò ń jẹ ẹ́, mo sì máa ń gbà pé oúnjẹ yẹn dùn ju èyí tó wà nínú abọ́ tèmi lọ, bẹ́ẹ̀ ìkòkò kan náà ni wọ́n ti bù ú. Nígbà tí mo lọ sílé ẹ̀kọ́, ó di ti ìyá mi. Bàbá mi á ní, "Ó tó. Jẹ ìyókù." Ìyá mi á ní, "Ẹ ṣé o, Bàbá." Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tí kò bu oúnjẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀ pẹ̀lú ẹran ńlá, ṣé ẹrú ló jẹ́ ni. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ọkọ bá fún ìyàwó lẹ́ran lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n á ní ó ti fún un ní nǹkan jẹ, àmọ́ bó bá ṣẹ́ ẹ kù sínú abọ́, àwọn méjì nìkan ló mọ̀. "Bí mo bá dé ìsàlẹ̀ abọ́," ó ní, "mo máa ń mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí sí mi lọ́jọ́ yẹn."

Ọjọ́ Sátidé kan, ọkọ̀ tí mo wọ̀ láti Lọ́kọ́ja tètè dé. Àbúrò bàbá mi ti padà sílé ọkọ rẹ̀ nítorí ara ìyá mi ti ń yá díẹ̀. Ọyẹ́ bo gbogbo àdúgbò, òkè tó wà lẹ́yìn ilé kò tilẹ̀ hàn mọ́. Ilẹ̀kùn iwájú ṣí sílẹ̀. Mo bọ́ bàtà kí n má baà kó erùpẹ̀ wọlé. Ìdí tí wọn kò fi gbọ́ ẹsẹ̀ mi nìyẹn.

Mo gbọ́ ohùn bàbá mi ní pálọ̀. Kì í ṣe láti ẹ̀yìn ilé o. Pálọ̀ gan-an ni, níbi tábìlì rẹ̀. Ó ní, "Ó tó. Jẹ ìyókù."

Ìyá mi sì ní, "Ẹ ṣé o, Bàbá."

Mo fi orí nìkan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì. Ẹyẹ wà lórí tábìlì bàbá mi. Ó dúró sínú abọ́ tánganran rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ó ti yàgbẹ́ sí etí abọ́ àti sórí rọ́bà tí wọ́n fi tẹ́ tábìlì, ìgbẹ́ olómi, aláwọ̀ ewé. Ó ń nu ẹnu mọ́ iyán, apá ọ̀tún, apá òsì. Ìyá mi kúnlẹ̀ díẹ̀, bó ṣe máa ń kúnlẹ̀. Ó rọra ti ẹyẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fa abọ́ sọ́dọ̀, ó fi ìka nu ìgbẹ́ yẹn kúrò bí ẹni nu irẹsì tó já bọ́. Ó bu òkèlè níbi tí ẹyẹ ti jẹ ẹ́ dé, ó fi run ọbẹ̀, ó gbé e mì. Ẹ̀rín músẹ́ wà lójú rẹ̀. Mo rí i pé ó ń wá ìsàlẹ̀ abọ́.

Mo kígbe. "Ìyá! Kí lẹ̀ ń jẹ? Yéè, ẹ gbà mí o! Kí lẹ̀ ń jẹ?"

Kò yára. Ó gbé òkèlè míì mì kó tó dá mi lóhùn. "Àjẹkù ọkọ mi ni."

Mo já abọ́ gbà, mo dà á sórí ààtàn. Mo ba gbogbo ilé jẹ́ lọ́jọ́ náà, mo sọ̀rọ̀ tí ojú fi tì mí. Mo bú ẹyẹ, mo bú òkú, mo ní láàárọ̀ ọ̀la ni n ó gbé e lọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ, bó jẹ́ láti fi se ọbẹ̀. Ìyá mi jókòó, ó ń wò mí. Ó gbé ẹyẹ lé apá, ó ń fi ìka ra á lórí. Nígbà tó rẹ̀ mí, ó ní, "Gbé e lọ. Àmọ́ bó o bá gbé e lọ, ikú kejì lo fi pa á yẹn, n kò sì ní dúró gbẹ̀yìn ikú kejì. Mo ti sọ fún ọ." N kò gbọ́ kí ìyá mi sọ̀rọ̀ báyẹn rí. Mo wá rí i pé bí ẹyẹ bá lọ, ìyá mi á kú, bí ẹyẹ bá sì dúró bó ṣe wà yẹn, ìyá mi á kú náà ni.

Kò jẹ́ kí n rò ó jìnnà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó ń sọ ìsọkúsọ. A gbé e dé ọsibítù, wọ́n fi omi sí i lára. Dókítà bi mí ohun tó jẹ. Mo sọ ọ́. Mo kọ́kọ́ fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, nítorí ìtìjú, àmọ́ mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò, ó ní kí wọ́n gba ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí èmi sì wá dókítà ẹran lọ wo ẹyẹ yẹn.

Dókítà ẹran náà, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ ìbọ̀wọ́, ó fi nǹkan bo imú, ó bu ìgbẹ́ ẹyẹ sínú ìgò kékeré. Nígbà tí èsì jáde, irú kan náà ló wà nínú ẹyẹ àti nínú ìyá mi, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ìfun. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi níwájú kéèjì. Ó ní gbogbo ohun tó ní ìfun ló ní tirẹ̀ níbẹ̀, àti pé nínú ayékòótọ́ tó ń jẹ ẹyìn àti èso, àwọn tó ń bá a gbé kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bó bá ń jẹ ẹran àti ọbẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ láti àárọ̀, tó ń mu omi tó ti dọ̀tí, tí itọ́ ènìyàn sì ń dé ẹnu rẹ̀, àwọn míì á wọ inú rẹ̀ lọ jókòó, wọ́n á máa bí sí i. Ẹyẹ lè máa kọrin lọ, kó má hàn lójú rẹ̀ rárá. Inú ìgbẹ́ ni wọ́n á ti máa jáde. Bí ìgbẹ́ bá gbẹ, á di eruku, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á gbé e dé orí omi mímu àti orí oúnjẹ. Alágbára lè fi inú rírun lásán gbà á. Arúgbó, ọmọ ọwọ́, aláboyún, ó lè bá wọn wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó ti ń wá ọ̀nà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá mi.

Mo ní, "Ṣé ẹyẹ ló kó o ràn án?"

Ó ní, "N kò lè sọ. Ẹyẹ náà ń ṣàìsàn, ẹ wo ìyẹ́ rẹ̀ bó ṣe fẹ̀. Inú abọ́ kan ni wọ́n ti ń jẹun. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ń gbé e fún ara wọn ni, síwá sẹ́yìn."

Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn, pé kí ló dé tó jẹ́ ìgbà tí bàbá mi kú tán ló ń fi ohùn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ń kó ìgò rẹ̀ sínú àpò. Ó ní ẹyẹ yìí kì í dá gbé nínú igbó, àti pé bí ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá a gbé bá sọnù, ó lè máa fi ohùn ẹni náà wá a kiri. "Ó ń pè é," ó ní. "Ó ń dúró kó dáhùn." Mo wo ẹyẹ. Ó ti wú ìyẹ́, ó di ojú méjèèjì, ó kúnlẹ̀ sórí igi rẹ̀ bí àgbàlagbà tí òtútù mú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àánú rẹ̀ ṣe mí.

Àbúrò bàbá mi ti dé láti Ẹkìnrìn-Àdé, ó jókòó ti ibùsùn ìyá mi ní ọsibítù, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo sọ gbogbo ohun tí dókítà ẹran sọ fún un. Mo ní, ẹ ò rí i, kòkòrò ni, kò sí òkú kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Nǹkan kan wà nínú ẹyẹ tó ń fa ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ọ̀run. Ìwọ pè é ní kòkòrò. Ṣé mo sọ pé irọ́ ni?" Kai! Mo kọjú sí ibùsùn. Ìyá mi la ojú díẹ̀, kò mọ̀ mí. Ó ń bi wá bóyá wọ́n ti tan ọ̀kadà.

Láràárọ̀ ni mò ń lọ sílé láti fún ẹyẹ lóògùn tí wọ́n kọ fún un. Mo gbé kéèjì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, mo gbé e lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Mo fi omi rin eruku kí n tó gbá a, bí dókítà ẹran ṣe kọ́ mi. Mo fi ọṣẹ àti jíìkì tó ń pa kòkòrò fọ irin kéèjì títí ojú fi ń ta mí. Kò sẹ́ni nínú ilé, ọyẹ́ bolẹ̀, gbogbo ohùn jìnnà. Bí mo bá ti débẹ̀, ẹyẹ á la ojú, á ní, "Ó yá, jẹ́ ká máa lọ." Ohùn náà ti rẹ̀, bí ohùn bàbá mi ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn.

Èmi tí mo ti ń ṣàlàyé kòkòrò fún àbúrò bàbá mi, ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo wo ẹ̀yìn, mo wo iwájú, mo rí i pé kò sí ẹnikẹ́ni. Mo kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ tòun ti ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi." Ẹkún gbé mi. N kò sunkún níbi ìsìnkú, àwọn ènìyàn tilẹ̀ fi mí ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Mo sun ún níwájú ẹyẹ. Mo tún ṣe é lọ́jọ́ kejì, mo sì ṣe é láràárọ̀ títí ara ìyá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, tó mọ orúkọ mi, tó sì ní omi ọbẹ̀ ọsibítù kò ní iyọ̀.

Ẹyẹ náà yè. A dá ìyá mi padà sílé, mo gba àyè níbi iṣẹ́ láti dúró tì í, a sì jọ ṣe àdéhùn. Ẹyẹ kò ní wọlé mọ́. Abọ́ rẹ̀ á wà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án á fi ọṣẹ fọwọ́. Ìyá mi lè gbé àga lọ síbẹ̀ kó máa bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, n kò ní sọ nǹkan kan. Ó gbà. Àmọ́ ó gbà á bí ọmọ ṣe ń gba oògùn kíkorò, n kò sì fọkàn tán an. Bí mo bá lọ sọ́jà, eré ni mò ń sá padà.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ní òun fẹ́ jẹ iyán, inú mi dùn, mo gún un fúnra mi. Mo gbé e sórí tábìlì bàbá mi, torí ibẹ̀ ló ní kí n gbé e sí. Wíńdò wà ní ṣíṣí. Ó bu òkèlè, ó jẹ díẹ̀. Láti abẹ́ máńgòrò, bàbá mi ní, "Ó tó. Jẹ ìyókù."

Ọwọ́ ìyá mi dúró. Mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ọmọ odó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó wo abọ́ rẹ̀, ó wo wíńdò, ó sì gbá etí abọ́ mú bí ẹni tó fẹ́ gbé e dìde. Ohùn náà tún ní, "Ó yá, jẹ́ ká máa lọ." Mo rí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń wá sálúbàtà lábẹ́ tábìlì. Mo fẹ́ kígbe.

Ẹyẹ ló bá mi kígbe. Ohùn mi ni, tòun ti ẹkún inú rẹ̀, tòun ti bí mo ṣe fa imú. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

Ìyá mi yíjú sí mi, ó pẹ́ tó ti ń wò mí. Ó ní, "Ìwọ nìyẹn?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó jókòó padà, ó na ẹsẹ̀. Ó kọjú sí wíńdò, ó sì sọ̀rọ̀ sókè kí ẹni tó wà lábẹ́ máńgòrò lè gbọ́.

"Bàbá, ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí ọmọ yín wí. Ẹ máa lọ síwájú ná."

Ó jẹun lọ, kò yára. Kò jẹ ẹ́ tán. Ó ṣẹ́ iyán kù, ó ṣẹ́ ẹran tó tóbi jù nínú abọ́ kù, ó ti abọ́ síwájú mi. Ó ní, "Ó tó. Jẹ ìyókù. Mo fọwọ́ o, má wulẹ̀ wò mí báyẹn."

Mo gbé ọmọ odó sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé o, Ìyá," mo sì jẹ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ abọ́.